Ìdí Tí N Kò Fi Jáde ní Ẹnu Ọ̀nà Kẹta

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo dọ̀bálẹ̀ kí yín láti ibi tí mo wà. Mo nírètí pé ara yín le, pé ẹ̀yìn tó máa ń ro yín bí ẹ bá ti jókòó pẹ́ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ti fúyẹ́ díẹ̀, àti pé ojú yín ṣì ń rí ihò abẹ́rẹ́ láìbẹ ẹnikẹ́ni lọ́wẹ̀. Èmi náà wà láàyè. Ẹsẹ̀ kò dùn mí. Ibi tó ń dùn mí kò sí lára ẹsẹ̀, òun ló sì jẹ́ kí n jókòó kọ lẹ́tà yìí.

Ó pé ọjọ́ mẹ́sàn-án lónìí tí ẹ dúró dè mí ní ẹnu ọ̀nà kẹta pápá ìṣeré, tí n kò sì jáde. Ọdún mẹ́rin gbáko la ò fi fojú kan ara wa, láti ọjọ́ tí mo ti ju àlùmọ́gàjí sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù yín, tí mo ní eré sísá ni mo fẹ́ fi ṣe iṣẹ́. Ẹ bi mí lọ́jọ́ náà pé, "Ajá àdúgbò náà ń sáré, ta ló ń san owó oṣù fún un?" Èmi náà fèsì, èsì tí mo fọ̀ kò sì ṣeé tún sọ fún bàbá ẹni.

Nítorí náà, nígbà tí àbúrò mi obìnrin ránṣẹ́ pé ẹ ń bọ̀ wá wo ìdíje àgbáyé tí mo wà nínú rẹ̀, mo rò pé ó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ni. Ó ní ẹ fọwọ́ ara yín ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ó ní ẹ ó dúró níbi tí àwọn eléré ń gbà jáde, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì yín máa gbéra ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, torí aṣọ ilé-ìwé tí ẹ gbọ́dọ̀ rán parí. Aago méjì ọ̀sán la ó sá tiwa. Mo ní àyè wà dáadáa. Mo ti ń ṣètò ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ fi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín, mo tilẹ̀ ń sọ ọ́ sókè nínú balùwẹ̀.

Eré náà, ẹ fojú ara yín rí i. Àwa mẹ́jọ la bọ́ sí àṣekágbá ọgọ́rùn-ún mítà ti àwọn ọkùnrin, èmi wà lójú ìlà kejì. Mo gbéra dáadáa. Títí dé ọgọ́ta mítà, èmi náà wà níbẹ̀. Ìgbà tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni èjìká mi gan, tí mo fún eyín pọ̀, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í jà bí ẹni tó ń ti mọ́tò. Kóòṣì mi ti kìlọ̀ rẹ̀ fún mi títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Nínú ènìyàn mẹ́jọ, ipò kẹjọ ni mo ṣe. Ojú tì mí débi pé n kò lè gbórí sókè wo apá ibi tí ẹ jókòó sí.

Mo ń wá bàtà mi nígbà tí ọkùnrin kan tó wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ewé wá bá mi, ó ní kí n fọwọ́ síwèé, wọ́n ti mú mi fún àyẹ̀wò. Àyẹ̀wò yìí ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó lo òògùn kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè yá. Àwọn mẹ́ta tó gba àmì-ẹ̀yẹ gbọ́dọ̀ ṣe é, wọ́n á sì fa nọ́mbà ẹnì kan mọ́ wọn. Nọ́mbà tèmi ni wọ́n fà. Mo bi í pé irú òògùn wo ni ẹni tó gbẹ̀yìn ìbá lò. Kò rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà ni kò ti kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Yàrá tó mú mi lọ kò ní fèrèsé. Àga ike mẹ́fà ló wà níbẹ̀, fíríìjì kan tó kún fún ìgò omi, aago ńlá kan lára ògiri, àti obìnrin kan tó jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú ìwé orúkọ. Ìtọ̀ ni wọ́n ń fẹ́. Ẹni tí kò bá tíì tọ̀ kò ní jáde, ẹni tó bá sì jáde láìgbàṣẹ, wọ́n á ní ó sá fún àyẹ̀wò, wọ́n lè fi ọdún mẹ́rin lé e kúrò nídìí eré. Fóònù mi wà nínú àpò lọ́wọ́ kóòṣì, kóòṣì sì ti lọ bá àwọn eléré rẹ̀ tó ń díje nínú eré fífò. Mo bẹ aláwọ̀ ewé kó bá mi jíṣẹ́ fún bàbá kan ní ẹnu ọ̀nà kẹta. Ó ní, "Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa wò ọ́." Obìnrin náà kọ iṣẹ́ mi sórí bébà, ó sì gbé ife tíì rẹ̀ lé e lórí.

Ibẹ̀ ni mo ti wá ṣe òmùgọ̀. Kí n lè tètè tọ̀, mo da ìgò omi márùn-ún sọ́nà ọ̀fun tẹ̀ léra wọn. Ẹni tó gbégbá orókè mu ẹyọ kan, ó ṣe tirẹ̀, ó lọ gba góòlù rẹ̀. Aago mẹ́ta ti kọjá nígbà tó kàn mí. Wọ́n ní kí n ká ẹ̀wù dé àyà, kí n bọ́ ṣòkòtò wálẹ̀ dé orúnkún, aláwọ̀ ewé sì dúró, ó tẹjú mọ́ mi. Láti ìgbà tí ẹ ti ń wẹ̀ mí nínú bàsíà, ẹnikẹ́ni kò wò mí báyẹn rí. Wọ́n kán díẹ̀ sínú ẹ̀rọ kékeré kan, wọ́n mi orí. Wọ́n ní ó ti ṣàn jù, omi tí mo mu náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀. Kí n jókòó, kí n má mu omi mọ́, kí n dúró de òmíràn.

Mo dúró. Àwọn tó kù jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ku èmi àti aago. Ní aago mẹ́rin ààbọ̀ mo tún gbìyànjú, ó tún ṣàn jù. Mo fi ẹsẹ̀ wọn yàrá náà, ẹsẹ̀ mọ́kànlá ní gígùn, méje ní ìbú. Mo mọ bí ẹ ṣe máa ń dúró, ọwọ́ kan lẹ́yìn, mo sì mọ ohun tí ẹ ó máa rò: ọmọ yìí gbẹ̀yìn, ó sì lọ sá pa mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dìde kí n kàn gba ẹnu ilẹ̀kùn náà jáde, kí wọ́n fún mi ní ọdún mẹ́rin wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo padà jókòó. Ó ká mi lára, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún lójú aláwọ̀ ewé.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló dára. Mo fọwọ́ ara mi dé ìgò náà pa, mo fọwọ́ síwèé. Aago márùn-ún ààbọ̀ ni obìnrin náà ṣí ilẹ̀kùn, ó ní, "O ti lè máa lọ." Láti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ yín kò ju ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Bàbá, mo padà jókòó.

Kò sí ẹni tó dì mí mú. Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, mo ń rí ìta. Mo rò ó pé ẹ ó wò mí, ẹ ò ní bú mi, ẹ ó kàn gbọwọ́ lé mi léjìká, n ó sì mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ jàre láti ìbẹ̀rẹ̀. N kò lè fara da ìyẹn. Obìnrin náà rò pé ó rẹ̀ mí ni, ó fún mi ní bisikíìtì, mo sì jẹ ẹ́ lórí ìjókòó nígbà tí ẹ̀yin wà lórí ìdúró. Nígbà tí aago kọjá mẹ́fà, mo dìde. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà sọ fún mi pé bàbá kan ti sáré lọ síbi bọ́ọ̀sì nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́fà lù, pé láti ọ̀sán ló ti ń sọ fún gbogbo ẹni tó ń jáde pé ọmọ òun wà lára àwọn mẹ́jọ. Ó ní kò sọ ipò tí ọmọ náà ṣe.

Lánàá ni àbúrò mi pè mí. Ó ní ẹ ń sọ fún gbogbo oníbàárà, láìtíì gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu mi, pé àwọn òṣìṣẹ́ ló tì mí mọ́lé, bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀ n kò jẹ́ fi yín sílẹ̀ lórí ìdúró. Ó ní onígbàjámọ̀ ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ìtìjú ló jẹ́ kí ọmọ yín sá pa mọ́, ẹ sì ká ṣòkòtò rẹ̀ padà fún un láìrán. Mo ti rò pé kí n dákẹ́. Kò sí ẹni tó máa mọ̀ láéláé. Ṣùgbọ́n láti àná ni n kò ti lè jẹun. Òótọ́ lọ̀rọ̀ tí ẹ fi ń gbèjà mi, títí di aago márùn-ún ààbọ̀. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó kù, ọwọ́ mi ló ti wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí, kí ẹ sì bá onígbàjámọ̀ rán ṣòkòtò rẹ̀. Òun ló sọ òótọ́.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọwọ́ yín gbọ̀n nídìí iṣẹ́, kó jẹ́ kí alẹ́ yín tutù, kó sì dá ẹ̀mí yín sí fún mi, kí n lè wá dọ̀bálẹ̀ fún yín ní ojúkojú.

Èmi ni ọmọ yín ọkùnrin kan ṣoṣo.

Mo tún rántí: Èsì àyẹ̀wò náà dé láàárọ̀ yìí, wọn kò rí òògùn kankan. Bí ẹ bá fẹ́ fèsì lẹ́tà yìí, ẹ má fi rán àbúrò mi. Ẹ kọ ọ́ fúnra yín, ìbáà jẹ́ èébú nìkan ló wà níbẹ̀.