Àpótí Mẹ́rin tí Wọ́n ní Kí N Mú Ẹyọ Kan Níbẹ̀

Ladi-Lak, Bariga
Oṣù Kẹta, 2001

Eyínmẹ́nugún, ọmọ ọkọ mi,

Jọ̀wọ́ má fi ìkọ̀wé mi rẹ́rìn-ín. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, ọ̀rọ̀ kì í sì í tètè dé ọwọ́ mi bó ṣe ń dé ẹnu. Níbi tí o bá ti rí i tí bébà dúdú, èédú ibi tí mo ti ń yan ẹja ni, kì í ṣe ẹkún. Ṣé àlàáfíà lo wà ní Àbújá? Ṣé ọ̀gá rẹ kì í jágbe mọ́ ọ? Olúwa tó ń dá ọkọ̀ wa padà láti orí omi yóò máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ. Bàbá rẹ wà dáadáa, àfi orúnkún tó ń dùn wọ́n. Ojú ń tì mí láti pe ara mi ní ìyá rẹ, torí oṣù karùn-ún tí mo wọlé yín nìyí, ìwọ lo ṣáájú mi níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè pe orúkọ rẹ gan-an.

Ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin Akoka tí o ní kí n lọ bá ló sú mi tí mo fi kọ̀wé, àwọn tó fẹ́ kó ìtàn tí obìnrin fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ jọ sínú ìwé kan. Dókítà Munirat ni olórí wọn. Mo sọ fún wọn pé èéfín ń ta mí lójú, wọ́n ní àwọn kì í ṣe dókítà àìsàn, dókítà ìwé ni àwọn. Mo ní kò burú, kí wọ́n bá mi wo tèmi.

Mo ti kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, bí mo ṣe lọ bẹ Alàgbà Ọlọ́runṣògo fún àyè tí n ó ti máa yan ẹja lẹ́yìn ilé wọn. Wọ́n ní àwọn kì í bá obìnrin sọ̀rọ̀ ilẹ̀, wọ́n ní àwa ará Ìlàjẹ ti fi èéfín ba àdúgbò jẹ́, wọ́n ní kí ni mo ní tí n ó fi san án, wọ́n wá na ìwé òyìnbó kan sí mi pé kí n kà á sókè bí mo bá gbọ́n. Ẹ̀mí kan ṣoṣo ni wọ́n fi sọ gbogbo rẹ̀, wọn ò tiẹ̀ gbé tíì ẹnu wọn mì tí wọ́n fi lé mi.

Dókítà wá fún mi ní fọ́ọ̀mù. Àpótí mẹ́rin ló wà lórí rẹ̀: obìnrin, àjèjì, aláìní, aláìmọ̀wé. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo ti rí irú àpótí bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ tí a dìbò kí ṣọ́jà tó kó lọ, ìka la sì fi tẹ̀ ẹ́. Mo fi àtàǹpàkò kan èédú, mo tẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n ní mo ti bà á jẹ́, ẹyọ kan ṣoṣo tó fa ìyà mi ni kí n mú. Mo bi wọ́n pé ẹgbẹ́ òṣèlú wo ló ni àpótí obìnrin, wọ́n na fọ́ọ̀mù tuntun sí mi.

Eyínmẹ́nugún, mo ti gbìyànjú. Bí mo bá ní obìnrin ni, Ìyá Bọ́dúndé náà obìnrin ni, kò sì mọ̀wé, ó ní ṣọ́ọ̀bù méjì ní Fádèyí. Bí mo bá ní àjèjì ni, omi kan náà ló gbé èmi àti bàbá rẹ wá, àga ni Alàgbà ń gbé fún wọn. Bí mo bá ní aláìní ni, Ikúmápàyí tó ń tún àwọ̀n ṣe kò ní kọ́bọ̀, ẹ̀yìn ilé yẹn náà ló ti ń ṣiṣẹ́. Èwo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wá lé mi?

Èyí tó tún bí mi nínú ni ti orúkọ. Níbi tí wọ́n ti ní kí n kọ orúkọ ọkọ mi, mo kọ Olówó-orí Mi. Dókítà fi bírò pupa kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé wọ́n ti gba ohùn lẹ́nu obìnrin yìí, kò tilẹ̀ lè dárúkọ ọkọ rẹ̀. Omi lé sí wọn lójú. Ohùn wo? Ta ló fún gbogbo ará ilé yìí lórúkọ bí kò ṣe èmi? Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ obìnrin, tó jẹ́ pé ìhà ló fi ń wọ ẹnu ọ̀nà, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni mo sọ wọ́n, tẹ̀rín-tẹ̀rín ni wọ́n sì ń jẹ́ ẹ. Àbúrò bàbá rẹ tí kì í wẹ̀ àfi lọ́jọ́ Ìsinmi, Afínjú ni mò ń pè é. Bí mo bá fi orúkọ wọ̀nyí sílẹ̀, kí ni n ó máa fi gbèjà ara mi níbí?

Dókítà ní bí mi ò bá tún fọ́ọ̀mù náà ṣe títí di ọjọ́ Ẹtì, àwọn yóò yọ tèmi kúrò. Mo sì fẹ́ wà níbẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹni tí kò mọ̀ mí rí ka ohun tí Ọlọ́runṣògo sọ fún mi, kó bá mi bínú díẹ̀.

Bí ọwọ́ rẹ bá dẹ̀, fi owó fọ́tòkọ́pì ránṣẹ́, àti ti bírò tí kì í jò. Ọlọ́run yóò fún ọ ní ọkọ tí àwọn ará ilé rẹ̀ ṣeé sọ lórúkọ. O ò ní ṣe iṣẹ́ àṣedànù.

N ó lọ lọ́jọ́ Ẹtì o. N ó fa ìlà kan yí àpótí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká, n ó kọ Sabina, orúkọ èmi fúnra mi, sí àárín rẹ̀ gàdàgbà, torí ìyẹn ni mo lè pè láìbẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Bí Dókítà bá sì tún ní ẹyọ kan, n ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà wọn títí wọn ó fi... Bàbá rẹ ń pè mí, ọkọ̀ ti gúnlẹ̀. N ó jókòó síbẹ̀ títí wọn ó fi gba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.