Àwọn Mẹ́ta Mẹ́ta Tó Ń Dà Yẹmí Láàmú

Abúlé Ọ̀pádọ̀tun,
Ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì, 1978.

Olúyẹmísí Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé òtútù Jọ́ọ̀sì kò tíì gbé ọ mì? Bàbá Mùsílíù tí o ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní àdúgbò Àpáta níbẹ̀ ńkọ́, ìyàwó rẹ̀ ńkọ́, ìsọ̀ aṣọ rẹ̀ ńkọ́? Ọlọ́run tó gbé ọ gun orí òkè yẹn kò ní jẹ́ kí o yọ̀ ṣubú. Àwa náà wà, a ò kú, a ò sì sanra. Orúnkún bàbá rẹ ti ń gbọ́ràn díẹ̀, ewúrẹ́ dúdú bí méjì, ànàmọ́ òyìnbó tí o fi ránṣẹ́ sì dé, mo gún un bí iyán, kò fà, ṣùgbọ́n a jẹ ẹ́.

Lẹ́tà rẹ náà dé. O ní ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì ti gbé ọ ṣubú lẹ́ẹ̀mejì nílé-ìwé àwọn tíṣà, pé bí ó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta wọn yóò ní kí o máa lọ, àti pé kí wọ́n tó lé ọ, ìwọ fúnra rẹ fẹ́ kúrò kí o lọ jókòó ti ìsọ̀ Bàbá Mùsílíù. O wá to orúkọ sí ìsàlẹ̀, o ní àwọn mẹ́ta mẹ́ta yìí ló ń dà ọ́ láàmú, kí a bá ọ fi wọ́n sínú àdúrà. Gó, Wẹ́ǹtì, Gọ́ọ̀nù. Bìgín, Bìgán, Bìgọ́ọ̀nù. Mo kà wọ́n jáde fún bàbá rẹ, ó ní háà, ìbẹ́ta ni gbogbo wọn! Ìyá kan tilẹ̀ wà níbẹ̀ tó sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní Pútù. Pútù, Pútù, Pútù. Bí ó bá ní kí Pútù wá jẹun, ta ni kó dìde?

Lọ́jọ́ Wẹsidé ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Pásítọ̀ Àjàyí ka orúkọ wọn ní ìpàdé àdúrà, gbogbo ìjọ sì dìde. A ní kí Bìgán gbàgbé rẹ. A ní kí Pútù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ríṣẹ́ sí ìlú mìíràn. Ìgbà tí a ṣe àmín tán ni Olúmúyìwá, hẹdimásítà wa, gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó kà á, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní ènìyàn kọ́, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Ó ní ohun tí a bá ń ṣe lónìí ní orúkọ tirẹ̀, bí ó bá di àná orúkọ á yí, bí a bá sì ti ṣe é tán, ó tún lè yí. Ojú tì mí díẹ̀. Pásítọ̀ ní àdúrà kì í ṣòfò.

Ṣùgbọ́n Yẹmí, ṣé ohun tí o tìtorí rẹ̀ fẹ́ sá nílé-ìwé nìyí? Mo ti ṣe ìdánwò yìí kí n tó bí ọ. Nígbà tí mo wọ ilé yìí bí ìyàwó, n kò gbọ́dọ̀ pe ẹnikẹ́ni tí mo bá nílé lórúkọ, títí kan ọmọ tí wọ́n pọ̀n sẹ́yìn. Mọ́kànlélógún ni wọ́n. Ìyáálé mi ló fún mi ní orúkọ tí mo máa pè wọ́n. Àbúrò bàbá rẹ tí eyín rẹ̀ funfun di Eyínfúnjowó, èyí tó ń lọ sílé-ìwé di Akọ̀wé, ọmọ ọwọ́ tó sanra rọ̀bọ̀tọ̀ di Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Orúkọ tí ìyá wọn sọ wọ́n, n kò ní kọ ọ́ síbí títí dòní. Lọ́jọ́ kẹta mo ṣì ọ̀kan pè, wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ lójú gbogbo ilé. Mo di ẹrù mi, mo sunkún padà sílé bàbá mi. Ìyá mi ló dá mi padà, ó ní kí n máa kí wọn bí mo bá ń gbálẹ̀ láàárọ̀, ní ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Kí oṣù kejì tó parí, wọ́n ti mọ́ mi lẹ́nu.

O ní o bi Mísítà Gídíọ́nì tíṣà yín léèrè ìdí tí Gó kì í fi í di Gódì lánàá, tó fi lọ ń jẹ́ Wẹ́ǹtì. Ta ní kí o bèèrè? Èmi kò bèèrè ìdí tí ọmọ tó sanra fi ń jẹ́ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. A kì í dé ilé ọkọ ká máa bá wọn tún orúkọ sọ. Ìwọ tí o gbọ́ Haúsá láàárín oṣù mẹ́fà, tí àwọn obìnrin àdúgbò Nasarawa Gwong ń kí ọ ní sannu tí o sì ń dá wọn lóhùn, ta lo bi léèrè ìdí? Lẹ ìwé náà mọ́ ògiri. Bí o bá ti mú ìgbálẹ̀, máa kí wọn ní mẹ́ta mẹ́ta. Pútù ni kí o fi bẹ̀rẹ̀, ìyá tirẹ̀ ti bá ọ dín iṣẹ́ kù.

Ní ti bàbá rẹ, mo ti ṣàlàyé títí. Ó ní ìbáà ṣe ọ̀rọ̀, ìbáà ṣe ènìyàn, ẹni tó bá ń pa ọmọ òun lẹ́kún yóò rí òun, àgbà ló sì ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Ó ti ta ewúrẹ́ dúdú tòun tọmọ. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ogúnjọ́ oṣù yìí, ni yóò wọ ọkọ̀ ojú irin l'Ọ́fà, tòun ti iṣu mẹ́fà àti obì tí yóò fi bẹ̀ wọ́n. Jọ̀wọ́ lọ pàdé rẹ̀, má jẹ́ kó máa bèèrè ilé Wẹ́ǹtì kiri Tẹ́mínọ́ọ̀sì níbi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń já èrò. Owó ewúrẹ́ gbé e débẹ̀ ni, kò gbé e padà, nítorí náà wá owó ọkọ̀ àbọ̀ fún un, kí o sì fi díẹ̀ rán an sí mi kí n fi ra awò ojú.

Ìdí tí mo fi fẹ́ awò ojú ni pé mo ti da orúkọ wọn kọ, ojú mi kò sì rí i kà dáadáa mọ́. Láti Wẹsidé náà ni mo ti ń kí wọn bí mo bá ń gbálẹ̀, mo sì ti mọ mẹ́sàn-án láìwòwé. N kò mọ iṣẹ́ tí ìkankan nínú wọn ń ṣe, orúkọ nìkan ni mo mọ̀. Ìwọ mọ iṣẹ́ wọn, orúkọ nìkan ló kù fún ọ.

Ọlọ́run yóò la ẹnu rẹ lọ́jọ́ ìdánwò. Ibi tí ìgbálẹ̀ mi dé, ṣọ́ọ̀kì rẹ yóò kọjá rẹ̀. Má di ẹrù rẹ, ọmọ mi. Èmi náà dì í rí, mo sì tú u.

Èmi ni ìyá rẹ,
ìyàwó ilé Ọ̀pádọ̀tun.