Òórùn Irú Tí Bísí Gbọ́

Sátidé, ìrọ̀lẹ́

Inú mi dùn gan-an. Bísí ọmọ mi bá ìyá mi sọ Yorùbá lórí fóònù lónìí! Ọmọ ọdún mẹ́jọ tó ti ń sá fún fóònù ìyá mi, Màmá Ọ̀fà, látìgbà tí mo ti fòfin de Hausa nínú ilé wa nílẹ̀ Hausa níbí.

Irú ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dà á sọ́bẹ̀ ni Bísí wọlé, ó ní, "Ina jin ƙamshin daddawa." Mo jágbe mọ́ ọn pé kó sọ ọ́ ní Yorùbá. Ó ń wolẹ̀. Àánú ẹ̀ ṣe mí, mo bá bá a túmọ̀ ẹ̀: "Mo ń gbọ́ òórùn irú."

Ó fi Hausa bi mí pé ṣé etí la fi ń gbọ́ òórùn ni. Kí n tó dáhùn, ó ti fò sókè. "Kai! 'Ji' ni!" Ó ní 'ji' yìí, 'jin' tó wà nínú ọ̀rọ̀ òun, ni Hausa fi ń pe gbígbọ́ ariwo, òun náà ni wọ́n fi ń pe gbígbọ́ òórùn àti gbígbọ́ èdè, bíi 'gbọ́' Yorùbá gẹ́lẹ́. Mi ò tiẹ̀ rántí òfin mi mọ́.

Ìgbà tí fóònù dún, òun ló já a gbà. Màmá béèrè ìbéèrè wọn àtijọ́: "Bísí, ṣé o ti ń gbọ́ Yorùbá?"

"Mo gbọ́, mà. Mo gbọ́ òórùn irú náà!"

Màmá pariwo ayọ̀, wọ́n ní kó gbé fóònù fún mi. "Ta ló kọ́ ọmọ yìí?"

Ojú tì mí díẹ̀ kí n tó jẹ́wọ́ pé Hausa ni.