Pajápajá Nínú Omi Tanghin

Ọjọ́rú, oṣù Ẹ̀rẹ̀nà 1956. Lẹ́yìn ìrun àṣálẹ́.

Pajápajá tún mú mi lẹ́sẹ̀ lónìí, àárín adágún Tanghin ló sì ti mú mi. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ká wọnú, àtẹ́lẹsẹ̀ le bí igi, mo sì mu omi ẹlẹ́rẹ̀ yẹn yó. Tíga, ọmọ kíláàsì mi, ló wọ́ mi dé ẹ̀bá omi.

Mùsíọ̀, olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní eré ìdárayá, bi mí ní Faransé bóyá ara mi le: “Ça va?”

Mo ní ó le. “Ça va, mùsíọ̀.”

Ó ní kí n bá àwọn yòókù sáré yí adágún ká nígbà náà. A ò tíì kọjá oko ẹ̀fọ́ àkọ́kọ́ tí mo fi ṣubú. Tíga padà wá, ó fa ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi sókè títí iṣan fi dẹ̀.

“Sọ fún mùsíọ̀,” ó ní. “Mi ò fẹ́ wá òkú rẹ nínú omi.”

Mo bẹ̀ ẹ́ kó pa ẹnu mọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n máa mú lọ sí Dakar láti kọ́ṣẹ́ olùkọ́ eré, àwa méjèèjì ló sì kù. Bó bá sọ, òun ni yóò lọ. Ó mọ̀, síbẹ̀ kò sọ. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí jù.

Ọ̀la la tún máa lúwẹ̀ẹ́.

Bàbá ti ọjà dé. Wọ́n ní gbogbo àwọn aláṣọ ló ti ń kí àwọn kú oríire Dakar.

Wọ́n bi mí pé, “Ṣé ó ń lọ déédéé?”

Mo fẹ́ sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n Bàbá ti tẹ́wọ́, wọ́n ti ń ṣàdúrà fún ẹsẹ̀ mi, mo sì ní, “Àmín.”