Ìkẹwàá Kò Tíì Jáde

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ò ń rí oorun sùn, ṣé yàrá tí ẹ̀yin mẹ́ta jọ ń gbé ò móoru jù? Ọlọ́run tó mú ẹ débẹ̀ á máa ṣọ́ ìjáde rẹ, á máa ṣọ́ ìwọlé rẹ, ojú ò ní tì ẹ́ láàárín ẹgbẹ́ rẹ. Bàbá rẹ kí ẹ. Ó ti kan ilẹ̀kùn tuntun sí ilé ìwẹ̀, ṣùgbọ́n ó kàn án kó máa ṣí síta, gbogbo ẹni tó bá ń kọjá ni ilẹ̀kùn ń gbá lójú, ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílùú ńlá nìyẹn.

Kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, kọ́kọ́ jókòó. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún mi. Má pariwo, mo ti ń jẹun, ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ lẹ́tà yìí. Ìju tí mo sọ fún ẹ pé kì í ṣe nǹkan kan nígbà tó o wálé kẹ́yìn ló wú nínú mi, ẹ̀jẹ̀ wá ń ya, bàbá rẹ sì gbé mi lọ sí ọsibítù. Èmi ni mo ní kí wọ́n má sọ fún ẹ nítorí ìdánwò rẹ.

Fọ́ọ̀mù ni wọ́n kọ́kọ́ gbé fún mi. Wọ́n béèrè níbẹ̀ pé kí ni ara mi kì í gbà, mo kọ ọ́ pé ara mi kì í gba ìwọ̀sí. Nọ́ọ̀sì kà á, ó wò mí, ó tún un kà, ó ní oògùn làwọn ń béèrè. Mo ní kó jẹ́ kí ti tẹ́lẹ̀ náà wà níbẹ̀, kí dókítà lè mọ̀. Ló bá ní tíátà ló kàn, mo ní ṣé pẹ̀lú inú rírun yìí ni màá lọ jókòó máa wòran.

Ọmọ mi, mo débẹ̀, ẹnu mi ò pa dé mọ́. Ibẹ̀ mọ́ débi pé ojú ń ti àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Iná tó wà lókè orí mi tóbi bí ọpọ́n ìfọṣọ, ó mọ́lẹ̀ tó fi jẹ́ pé bí abẹ́rẹ́ bá bọ́ sílẹ̀, kò níbi tó máa sá sí. Ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ nìkan ló yọ síta. Ó ń to irinṣẹ́ sórí tábìlì, ọ̀bẹ, àlùmọ́gàjí, abẹ́rẹ́, gbogbo wọn kọjú síbì kan náà, bó ṣe yẹ kí tábìlì aránṣọ rí, tí tèmi ò sì rí bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti ń ránṣọ. Ó wá ń ka àwọn aṣọ funfun kéékèèké tí wọ́n fi ń fa ẹ̀jẹ̀, ó ń kà á sókè, nọ́ọ̀sì ń kà á tẹ̀lé e. Mẹ́wàá ni.

Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ lẹ́yìn, kí n tó ṣẹ́jú méjì ìdajì ara mi ti lọ. Mo bi wọ́n pé níbo ni wọ́n gbé ẹsẹ̀ mi sí, wọ́n ní ó wà níbẹ̀, mo ní kí wọ́n fi hàn mí. Wọ́n fi hàn mí. Lóòótọ́ ó wà níbẹ̀. Wọ́n wá ta aṣọ sí àyà mi bíi kọ́tìnnì, mi ò rí apá ìsàlẹ̀ mọ́. Fóònù kan sì ń dún pí, pí, pí, kò sẹ́ni tó gbé e. Mo fara dà á títí, mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e, ó lè jẹ́ ọmọ mi ló ń pè. Nọ́ọ̀sì tẹ̀ sí mi létí, ó ní màmá, ọkàn yín ló ń dún yẹn. Ọkàn mi! Ó wà nínú mi, ó tún wà lórí ẹ̀rọ. Mo ń gbọ́ ọ, mo ń kí i.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Dókítà á kàn sọ orúkọ ohun tó fẹ́, kó tó pe orúkọ náà tán mo ti ń gbọ́ ọ, pó, bí irin ṣe ń ba àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó ní òun fẹ́ rán ibi tóun là. Ọmọbìnrin yẹn tún àwọn aṣọ náà kà, ó ní sà, mẹ́sàn-án ni mo rí. Dókítà ní ó ṣì í kà ni. Ó tún un kà, mẹ́sàn-án. Dókítà ní òun ti wo inú, kò sí nǹkan kan níbẹ̀, kó mú abẹ́rẹ́ wá. Ọkùnrin yẹn tó ẹni tó lè bí i lọ́mọ o, ohùn rẹ̀ nìkan tó láti mi fèrèsé. Ọmọbìnrin yẹn ò mú abẹ́rẹ́ wá. Ohùn tirẹ̀ ń gbọ̀n, mo gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó ní ẹ jọ̀ọ́ sà, ìkẹwàá kò tíì jáde.

Ọkàn mi tó wà lórí ẹ̀rọ wá ń sáré, pí-pí-pí-pí, àṣírí ẹ̀rù mi tú lójú gbogbo wọn. Wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n wo inú garawa, wọ́n wo abẹ́ bàtà ara wọn. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ tí dókítà mí kanlẹ̀, ó tún ti ọwọ́ bọ inú mi, ó wá a, ó wá a, ó dúró. Ó ní òun rèé. Wọ́n ní ó ti rin gbingbin fún ẹ̀jẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ kọ̀rọ̀ kan níbi tójú ò dé. Dókítà ní ọmọ mi, o ṣeun. Ọmọbìnrin yẹn kàn ní mẹ́wàá, ó pé, ó sì na abẹ́rẹ́ sí i.

Nígbà tí wọ́n tì mí jáde, mo bi nọ́ọ̀sì pé dókítà kékeré wo nìyẹn. Ó ní kì í ṣe dókítà, kì í sì í ṣe nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ títo irinṣẹ́ iṣẹ́ abẹ àti ṣíṣọ́ wọn ló lọ kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ ọwọ́. Mo ní irú èyí tọ́mọ mi ń lọ, tí wọ́n ti ń kọ́ wọn láti máa na irinṣẹ́ sí dókítà? Ó ní irú ẹ̀ gan-an. Omi já bọ́ lójú mi, kì í ṣe ti ìrora.

Torí èmi ni mo sọ pé kí ló dé tí èèyàn á fi lọ jókòó sílé ìwé torí àtimáa na àlùmọ́gàjí sí ẹlòmíì. Èmi náà ni, nígbà tó o pè lóṣù tó kọjá tó ò ń sunkún pé ọ̀gá kan jágbe mọ́ ẹ torí o ní kó dúró kó o tún nǹkan kà, pé o fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, èmi ni mo ní kó o máa bọ̀ nílé. Jọ̀ọ́, dárí jì mí. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀mí èèyàn ló wà lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ń jágbe mọ́. Má bọ̀ o. Bó bá jágbe, jẹ́ kó jágbe. Ṣáà kà á.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi wọkọ̀ padà lọ fi ojú egbò han dókítà, ṣùgbọ́n má fi í gba inú fóònù bàbá rẹ, ojú fóònù náà ti sán, mi ò fẹ́ kí owó jò dànù lọ́nà. Ẹ̀rọ ìránṣọ kejì, èyí tí mo fi aṣọ bò sí kọ̀rọ̀ yàrá, tí mo ní tìẹ ni bó o bá padà wálé, mo ti gbé e fún ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ láná. Kò sí iṣẹ́ fún ẹ nílé yìí mọ́. Ọlọ́run á mú ọwọ́ rẹ dúró, á fi ìgboyà sí ẹ lẹ́nu, gbogbo ẹni tí wọ́n bá tẹ́ síwájú rẹ á dìde padà sílé ọmọ ẹ̀. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
tí wọ́n rán, tó sì pé.