Àwòrán Ẹlẹ́ṣin Inú Pálọ̀ Wa

Ìdímù. Sátidé, ọjọ́ kejìlá oṣù kọkànlá, 1988.

Mo ti fi kẹrosíìnì fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀dà gíríìnì yìí ò kúrò léèékánná mi. Ara mi ń rí mi lára.

Alájì, àbúrò bàbá mi, ló fà á. Mi ò ní bọ̀wọ̀ fún un nínú ìwé yìí lónìí. Òun àti ayàwòrán kan gbé àwòrán ogun ràgàjì wá sí pálọ̀: àwọn jagunjagun lórí ẹṣin, idà lọ́wọ́, ilé ń jó lẹ́yìn wọn. Ojú ara rẹ̀ ló ní kí wọ́n yà fún ọ̀gágun, tilàtilà, ó ní baba ńlá wa nìyẹn. Kí àwọn tó ń wá ra ilẹ̀ lè mọ irú ẹni tá a jẹ́. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Ṣíọ̀!

Màmá Àgbà, ìyá tó bí i, ní kí n mú òun sún mọ́ ọn. Wọn ò wo ẹlẹ́ṣin kankan. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n fọwọ́ kàn, níbi tí obìnrin kan ti ń sá fún ẹṣin, ọmọ lẹ́yìn rẹ̀.

"Bí wọ́n ṣe gbé ìyá mi sá dé ibí nìyí. Ẹṣin wo la ní? Àwọn ẹlẹ́ṣin la sá fún."

Alájì rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ jàre." Ó kọjú sí ayàwòrán: "Pa obìnrin yẹn rẹ́, ó ń ba àwòrán jẹ́."

Ayàwòrán ń wá ẹni tó máa bá òun di agolo ọ̀dà mú. Èmi, tíṣà tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìtàn, ni mo dì í mú, títí ó fi ya koríko bo tìyátọmọ.

Ọwọ́ mi ni Màmá Àgbà ń wò.