Ìlà Tí Wọ́n Kà Láti Ọwọ́ Ọ̀tún

                              Ojúlé Kẹtàlá,
                              Lafiaji, Èkó.
                              Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹwàá, 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi Haleem,

Àsàlámù àlékùm. Ṣé ara yín le ní Ìbàdàn? Ìyàwó yín ńkọ́? Ṣé ikọ́ ọmọ ti lọ? Àlàáfíà la wà níbí, àmọ́ ọkàn tèmi ò balẹ̀. Orí fóònù ni mo ti kọ lẹ́tà yìí, torí bí mo bá pè yín, ẹkún ni ẹ máa gbọ́.

Ẹ rántí kíláàsì kéú tí Ìyá wa Hàlímọ̀ ń kọ́ àwọn ìyá àgbà ní Olówógbowó. Alfa Mọ̀núrù, olórí ilé-kéú, ní kí n ya àwòrán iye àwọn tó ń wá lóṣooṣù, torí wọ́n gbọ́ pé kọ̀ǹpútà ni mò ń kọ́ ní yunifásítì. Ọdún kìíní ni mo wà o! Mo fi JavaScript, èdè kọ̀ǹpútà kan, ya ìlà kan. Láti apá òsì, ó bẹ̀rẹ̀ ní mẹ́sàn-án, ó gòkè dé mọ́kànlélógójì lápá ọ̀tún, láàárín oṣù mẹ́fà. Orúkọ àwọn oṣù tó wà nísàlẹ̀ ń gun ara wọn lórí, ni mo bá wá ibi tí wọ́n kọ display, ìyẹn 'fi hàn', sí nínú kóòdù, mo fi false, ìyẹn 'bẹ́ẹ̀ kọ́', sí i. Gbogbo orúkọ oṣù pòórá. Mo rò pé mo tún un ṣe ni.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo gbé e síwájú àwọn àgbà ilé-kéú. Alfa fi ìka tọ ìlà náà láti ọ̀tún wá sí òsì, bí wọ́n ṣe ń ka Kùránì.

"Ẹ wò ó, mọ́kànlélógójì tẹ́lẹ̀, ó ti ku mẹ́sàn-án!"

Alhaji Jíbrílù, ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà, ní, "Kí la tún ń wò? Tó bá di Jímọ̀, ká ti kíláàsì yẹn pa, káwọn ọmọdé gba yàrá."

Ta ni èmi tí màá sọ fún Alfa pé wọ́n ṣì í kà?

Mo ti dá orúkọ oṣù padà, wọ́n tún ń gun ara wọn. Mo gbìyànjú reverse tó ń yí ìlà padà, mo ṣèèṣì pa àkámọ́ kan rẹ́, ojú ìwé funfun báláú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó.

Lánàá, Ìyá wa pè mí. "Qaanitah, ṣebí èmi ni mo ka iye wọn fún ọ? Ta ló wá sọ wọ́n di mẹ́sàn-án?" Ìyá ní kò burú, ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn á kó gbogbo wọn wá sí mọ́sálásí ní Jímọ̀, kí Alfa fojú ara wọn kà wọ́n. Ìyá Àdìjátù, ọ̀kan lára àwọn ìyá àgbà náà, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, ní òun náà á fẹsẹ̀ rìn wá.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹsẹ̀ arúgbó ló fẹ́ wá sọ ohun tí ẹnu mi ò lè sọ.

Ẹ bá mi kí ìyàwó yín, kí ẹ sì gbé ọmọ jó fún mi.

Èmi ni àbúrò yín,
Qaanitah.